Hítà Tí Yóò Rọ̀ Lókè Orí Àwọn Ọmọ Adìyẹ

Ilé wa, lẹ́yìn Lálúpọn,
Nídìí ilé adìyẹ.

Bọ́láńlé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Igbe tí mo ké sí ọ létí lórí fóònù lánàá, má bínú sí i. Mo mọ̀ pé etí rẹ á ti hó. Ẹnu mi ni kò lè gba ayọ̀ náà. Bí o ṣe sọ pé, "Màámi, ibi iṣẹ́ tuntun tí mo wọ̀ ti gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́ o! Hítà oníná mànàmáná ni, èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ àjà kí ó máa móoru fún ọmọ adìyẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n yàwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ńṣe ni abọ́ oúnjẹ adìyẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àdá, wọ́n rò pé ejò ni.

"Kí ló bù ẹ́ jẹ?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó bù mí jẹ. Bọ́láńlé fẹ́ ṣe hítà!"

"Hítà wo?"

"Hítà wa!"

Wọ́n rọra fi àdá sílẹ̀, wọ́n jókòó lé àpò oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀rín sì gbé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Láti àná, ìgbàkigbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, màá kàn gbọ́ tí wọ́n á ní, "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!" wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ ń rìn lójú títì Ajíbọ́dé, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí ọ létí, gbogbo ohun tí mo bá sọ, "Ẹ tún un sọ, Màámi." Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kì í sọ pé òun ò gbọ́. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí o ti ń yàwòrán, kí o máa yọjú wò ó bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

O mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé hítà kọ́ àjà ní abúlé yìí, ṣùgbọ́n o kéré nígbà náà, ìdajì ìtàn náà ni o mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ adìyẹ sísìn, o kò tíì wọ iléèwé. Èmi àti àbúrò mi Rẹ́mi, Àǹtí Rẹ́mi rẹ, la jọ dá a sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ bí ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹyin ṣe máa ń rí. Kò tíì hu ìyẹ́, òwú lásán ló wà lára rẹ̀, kò sì ní ìyá tí yóò ràdọ̀ bò ó. Ẹni tó bá rà á ló gbọ́dọ̀ di ìyá rẹ̀. Èédú ni àwa fi ń ṣe ìyá. A ó kó o sínú ìkòkò, a ó finá sí i, a ó gbé e sáàárín ilé, a ó sì fi ọ̀rá bo gbogbo fèrèsé kí ooru má bàa jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là, Rẹ́mi wọlé lọ tún èédú ṣe. Èmi wà nídìí kànga, mò ń fa omi. Mo pè é pé kí ó wá bá mi gbé korobá, kò dáhùn. Mo tún pè é. Mo rò pé ó ń bá mi ṣe àwàdà ni, nítorí aláwàdà ni. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ni mo bá àbúrò mi, ó dojú bolẹ̀, àwọn ọmọ adìyẹ sì ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń yá ooru ara rẹ̀.

Mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo wọ́ ọ jáde sórí koríko. Igbe tí mo ké ló kó àwọn ará ilé kejì jáde. Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, ẹnì kan ń bu omi sí i lójú. Èmi ń pe orúkọ rẹ̀, mò ń pe oríkì rẹ̀, mo tún ń bú u pé bí ó bá kú mi ò ní dárí jì í. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fún wọn lómi?" Mo gbá a mọ́ra, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni mò ń sun tàbí ẹ̀rín ni mò ń rín.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ló là wá lóye. Ó ní èéfín èédú nìkan kọ́ ni ewu tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan mìíràn wà tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ló ń gba èémí lọ́wọ́ ènìyàn nínú ilé tí a tì pa. Èmi tí mo fi ọ̀rá bo fèrèsé, mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ èyí nìyí: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé hítà adìyẹ lásán ni wọ́n ní kí o ṣe. Àwọn tó gba iṣẹ́ tó níyì ju tìrẹ lọ lè wà níbẹ̀, kí wọ́n máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé adìyẹ ni wọ́n gbé fún ọ. Fi wọ́n sílẹ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ní gbogbo abúlé tó yí wa ká, láti ibí dé Akínyẹlé, obìnrin kan wà tó ń wọ ilé èédú láàárọ̀ tó sì ń tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Òun gan-an ni o ń yàwòrán fún.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sí apá tó dùn.

Nígbà yẹn, bàbá rẹ ń tún áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù oníná ṣe létí títì ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò jẹun. Wọ́n kàn ń wo òkè àjà ṣáá. Mo ní kí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́láńlé, níbo ni oòrùn wà?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ Rẹ́mi ti dà wọ́n lọ́kàn rú. Wọ́n ní, "Òkè ló wà, àbí? Ó wà lókè, ara wa sì ń gbóná nílẹ̀. Kí ló dé tí àwa fi ń gbé iná sílẹ̀ fún ọmọ adìyẹ?"

Ìyẹn ni pé ooru tó ń tàn wá tààrà bí ìmọ́lẹ̀, ara ohun tó bá kàn ló ń mú gbóná, kì í kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ gbóná kó tó kan ara. Ìwọ ti kọ́ gbogbo èyí ní yunifásítì, o sì mọ orúkọ rẹ̀. Oòrùn ni àwa fi mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tú wáyà inú sítóòfù kan tó ti bàjẹ́, wọ́n lọ́ ọ mọ́ amọ̀ sísun, wọ́n dì í sínú bàsíà fífẹ̀ kan tí mo fi ń fọṣọ. Èmi ni mo fi eérú àti kànrìnkàn bó inú bàsíà náà títí tó fi ń dán bíi dígí, kí ó lè máa da ooru padà sísàlẹ̀. A dojú rẹ̀ kọlẹ̀, bàbá rẹ sì fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ igi àjà. Mo bi wọ́n pé ṣé okùn náà máa gbé e. Wọ́n ní okùn tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ṣé bàsíà ló máa ṣẹ́gun rẹ̀? Mo gbà. Ojú ń kán èmi náà láti rí i.

Nígbà tí a tan súwìṣì, tí wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ adìyẹ tó ti ń ké kíkankíkan tẹ́lẹ̀ rọ ohùn sílẹ̀. Wọ́n wọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n na apá kékeré wọn, wọ́n sùn. Kò sí èéfín! Ojú ò ta wá! Mo jó dé ìta, Rẹ́mi lé mi, a jọ jó. Àwọn ará abúlé wá wò ó bí ẹni tó wá wo ìyàwó tuntun.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òórùn ọ̀rá jíjóná gbá mi nímú. Ooru tó ń gun òkè lẹ́yìn bàsíà ti ń jẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo ṣe ń sáré bọ̀, mo gbọ́ "gbì!" Bàsíà ti já sórí èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀, iná sì ti ràn. Mo pa súwìṣì kí n tó wọlé. Bàbá rẹ àti Rẹ́mi ń da iyanrìn sí i, èmi ń kó ọmọ adìyẹ sínú ìró mi. A pa iná náà, ilé kò jó, ṣùgbọ́n a pàdánù àwọn tó há sí kọ̀rọ̀ kan.

Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ kò fọwọ́ kan bàsíà yẹn mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sí èédú, wọ́n ní a ó máa ṣí fèrèsé. Èmi ni mo gbé bàsíà náà lọ bá wọn. Mo ní, "Bàbá Bọ́láńlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Ooru yìí kò ṣẹ̀ wá. Okùn ló já. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ okùn, ẹ má jẹ́ ká pààrọ̀ èrò."

Wọ́n gba bàsíà náà, wọ́n yí i wò. Wọ́n ní, "Gbé sùkúdíráfà wá."

Àbẹ̀kẹ́, bí iṣẹ́ rẹ bá já lulẹ̀, tí ó sì máa já lulẹ̀ nígbà kan, wádìí ibi tó ti já gan-an kí o tó sọ ọ́ nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ju ooru nù nítorí okùn.

Ẹ̀wọ̀n irin ni a wá lò. Ẹ̀wọ̀n kan ń gbé e, ẹ̀wọ̀n kejì dẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kó máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá rẹ na nẹ́ẹ̀tì onírin sábẹ́ bàsíà, kí wáyà má lè já bọ́ sórí ohunkóhun láéláé. Wọ́n jẹ́ kí wáyà tó ń gbé iná wọlé gba ẹ̀gbẹ́, kó má gba òkè ibi tí ooru ti ń gun. Nítorí pé ẹ̀wọ̀n ni, a lè fi ìwọ̀ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ọmọ adìyẹ ṣe ń hu ìyẹ́. Fi èyí sínú àwòrán rẹ, kí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yóò lè ṣe é láìgun àga.

Síbẹ̀, nǹkan ò dọ́gba. Àwọn ọmọ adìyẹ kò jókòó dáadáa. Wọ́n ṣe òrùka yí àárín ká, wọn ò wọ àárín, wọn ò sì jìnnà sí i. Mo wò ó títí, kò yé mi. Ni mo bá dùbúlẹ̀ sáàárín wọn.

Bàbá rẹ wọlé, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́láńlé, ṣé ìwọ náà ti di ọmọ adìyẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá sùn síbí."

Wọ́n sùn. Àgbà méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ adìyẹ ń rìn lórí ikùn wa. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ fi pariwo, "Orí mi ń jó, òtútù sì ń mú mi lẹ́sẹ̀!" Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n. Bàsíà náà jìn jù, ojú kan ṣoṣo ló ń da ooru sí. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi òòlù lù ú kó fẹ̀, kó má jìn mọ́. Nígbà tí a gbé e padà, àwọn ọmọ adìyẹ fọ́n káàkiri bí ìgbà tí ènìyàn fọ́n àgbàdo sílẹ̀, oníkálukú jókòó síbi tó wù ú. Mo sọ fún ọ, mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí mo bí ọ.

Nítorí náà, lo gbogbo ohun ìwọn ooru tí wọ́n ní níbi iṣẹ́ rẹ, àwa ì bá ti ní irú wọn! Ṣùgbọ́n lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ hítà náà pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ adìyẹ bá rọ́ jọ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gun ara wọn, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá mọ́ ògiri, tí wọ́n ń la ẹnu, o ti ń jó wọn. Bí gbogbo wọn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé níbìkan.

Ohun kan wà tí èmi àti bàbá rẹ kò rí ojútùú rẹ̀ títí dòní. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ooru náà ń lọ pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èédú, bí ó tilẹ̀ burú, ń kú díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ gbìyànjú láti to bíríkì sórí bàsíà kí ó lè pa ooru mọ́, bíríkì náà wúwo jù fún òrùlé. Mo ta aṣọ tó nípọn yí àwọn ọmọ adìyẹ ká, ó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí hítà fi lè tọ́jú ooru pamọ́? Mi ò mọ̀. Inú mi dùn pé mi ò mọ̀, kí o lè rí tìrẹ ṣe níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn kí fóònù tó gé, tí o rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. O ní ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ń sọ pé ẹ̀wọ̀n kan ti tó, pé kí o yọ èkejì kúrò kí iṣẹ́ lè yá kí ọyẹ́ tó dé. O ní ọ̀gá yín kò tíì dá sí i, pé o ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ nítorí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọmọ mi, sọ̀rọ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwa tí a wà lábẹ́ ni ara ò rọ̀ jù. Kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ bó ṣe yẹ, má bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀. Kí o ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, kí á tàn án, kí gbogbo wa gbé oúnjẹ ọ̀sán wa, kí á jókòó jẹ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀." Má sọ ohun mìíràn mọ́. Ẹni tó bá lè jẹun tẹ́rùn sábẹ́ ẹ̀wọ̀n kan, kó jẹ́ ká rí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ á yanjú kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ síbẹ̀, má fi orúkọ rẹ sí àwòrán náà. Iṣẹ́ mìíràn á wá. A ò rán ọ níléèwé kí o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so nǹkan kọ́ sókè orí ènìyàn nígbà tí kò dá wọn lójú.

Gbọ́ ná, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: má ṣe dán hítà kankan wò nínú yàrá tí o gbà ní Ajíbọ́dé! Mo rí wáyà ilé yẹn ọjọ́ tí a kó ẹrù rẹ wá, ó tín-ín-rín bí òwú. Onílé rẹ kò ṣẹ̀ wá. Máa jẹun kí o tó jáde, tí orí bá ń gbóná nídìí àwòrán, dìde kí o rìn. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ni ló ń múni gbàgbé ebi, mo mọ̀ ọ́n.

Nílé adìyẹ tuntun tí a ń kọ́ lápá ìsàlẹ̀, káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igi àjà ńlá kan sí i. Igi ìrókò ni. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ibẹ̀ ni a ó gbé àkọ́kọ́ nínú hítà rẹ kọ́, a ó kàn sanwó rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́, mi ò rí wọn mọ́ nínú ilé. Mo wá wọn lọ síbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, bàbá rẹ ti gun àga, wọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú, wọ́n sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. Wọ́n ń mì dìrọ̀dìrọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí igi, bùbá wọn ti ká dé àyà, irùngbọ̀n funfun wọn kọjú sókè.

Mo pariwo, "Bàbá Bọ́láńlé! Kí lẹ ń ṣe lókè yẹn?"

Wọn ò wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Dákẹ́ ná. Mò ń wò ó bóyá ó máa gbé iṣẹ́ ọmọ mi."

Igi náà kò tilẹ̀ dún.

Kí ẹsẹ̀ rẹ máa bá ire pàdé, kí ọwọ́ rẹ má ṣe gbọ̀n lórí ohun tó tọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ń di àga mú fún bàbá rẹ.